Eyín Kẹ̀kẹ́ àti Òkè Ìbàdàn

Orúkọ àwọn àdúgbò ìlú Ìbàdàn tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́. Bí a bá ka orúkọ wọ̀nyí lọ lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Òkè, tí àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìsàlẹ̀: Òkè-Mápó, Òkè-Àdó, Òkè-Ààrẹ̀mọ, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú. Àwọn jagunjagun tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ní 1829 kò ronú kan kẹ̀kẹ́, nítorí kò sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi gíga tí ènìyàn lè dúró sí láti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó dé. Ṣùgbọ́n òkè tí ó dára fún ológun kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, àwa tí a sì jogún ìlú náà ni a jogún ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú ni èmi ń gbé. Orúkọ ibẹ̀ ti fi hàn pé ìsàlẹ̀ ni a wà, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí ibikíbi níláti múra òkè gígùn. Òkè-Mápó ni ó ga níwájú wa, tí Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, jókòó lé orí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ ńláńlá. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni Ọjà'ba wà, ọjà tí a ń pè ní Ọjà Ìbà nígbà kan rí nítorí Ìbà Olúyọ̀lé. Ní òdì kejì rẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀rẹ̀ wà. Láàrin ibi wọ̀nyí ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ mi láti ọdún pípẹ́ wá, láàrin takisí àti ọ̀kadà, láàrin àwọn aláàárù àti àwọn ìyá tí wọ́n ru igbá ẹ̀kọ. Nítorí èyí ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí n bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jiyàn lé lórí gidigidi, tí ó sì jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó ti jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ohun náà ni eyín kẹ̀kẹ́, tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń pè ní jíà, àti bí ó ti yẹ kí a yàn án fún òkè gígùn.

Bí ẹ bá wo kẹ̀kẹ́ kan dáadáa, ẹ ó rí àwo onírin eléyín méjì lára rẹ̀. Èyí tí ó tóbi wà níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ẹni ti ń yí pẹ́dàlì. Èyí tí ó kéré wà ní àárín táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Gbogbo ọgbọ́n jíà wà nínú iye eyín tí ó wà lára àwo méjì yìí. Ẹ jẹ́ kí á mú kẹ̀kẹ́ dúdú gíga ti àwọn bàbá wa, irú Raleigh tí a máa ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, tí táyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 28, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní eyín 48 ni ó wà níwájú, tí 18 sì wà lẹ́yìn. Bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, eyín 48 ti kọjá níwájú. Nítorí náà eyín 48 níláti kọjá lẹ́yìn pẹ̀lú, èyí tí í ṣe pé àwo ẹ̀yìn yóò yí ní ìgbà méjì àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Táyà náà yóò sì bá a yí. Ìyípo kan táyà náà gùn tó mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 23. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀ẹ̀kan tí a yí pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ náà ti rìn ní nǹkan bíi mítà 6.

Mítà 6 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ohun ìdùnnú ni èyí. Ẹni tí ó bá ń yí pẹ́dàlì ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan yóò máa sáré tó kìlómítà 21 ní wákàtí kan, atẹ́gùn yóò sì máa fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ilẹ̀ bá dìde dúró. Ká ní ọ̀nà kan ga ní mítà 8 láàrin 100 mítà. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan tí a yí pẹ́dàlì, kì í ṣe pé a rin mítà 6 nìkan ni, a tún ti gbé ara wa, kẹ̀kẹ́ wa, àti gbogbo ẹrù wa sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 48. Díẹ̀ kíún ni èyí fi kéré sí ìdajì mítà kan. Ta ni ó gbé e? Ẹsẹ̀ wa ni.

Báwo ni ẹsẹ̀ wa ti ṣe gbé e? Irin tí ó di pẹ́dàlì mú máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 34, ẹsẹ̀ òsì náà sì sọ̀ kalẹ̀ ní 34. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 68. Ó dà bí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹrù: a ń fi ìsọ̀kalẹ̀ ẹsẹ̀ wa ra ìgòkè ara wa. Bí ẹsẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ní 68, tí ẹrù sì níláti gòkè ní 48, a jẹ́ pé agbára tí ẹsẹ̀ níláti fi tẹ pẹ́dàlì yóò tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo gbogbo ohun tí ń lọ sókè. Èyí kò tilẹ̀ ka ìdènà táyà àti ti atẹ́gùn mọ́ ọn.

Nígbà wo wá ni a ń dín ẹrù yìí kù? Nígbà tí a bá fi àwo tí eyín rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, tàbí èyí tí eyín rẹ̀ kéré síwájú. Bí a bá yọ 18 kúrò lẹ́yìn tí a sì fi 22 sí i, ẹ̀ẹ̀kan tí a yí pẹ́dàlì yóò gbé wa lọ ní mítà 4.9 dípò 6, ìgòkè wa yóò sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 39 dípò 48. A óò tẹ pẹ́dàlì ní ìwọ̀n tí ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n a óò yí i ní ìgbà púpọ̀ sí i. Láti gun 100 mítà, ẹni tí ó ní 18 lẹ́yìn yóò yí pẹ́dàlì ní nǹkan bí ìgbà 17. Ẹni tí ó ní 22 yóò yí i ní ìgbà 20 ó lé díẹ̀. Jíà kò fún ẹnikẹ́ni ní agbára ọ̀fẹ́. Òkè náà ń gba gbogbo gbèsè rẹ̀ pátápátá. Ohun tí jíà ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí a pín gbèsè náà san. Ẹni tí ó bá fẹ́ pọn omi kún àmù lè fi korobá ńlá gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì lè fi ahá kékeré gbé e ní ìgbà 20. Àmù kan náà ni yóò kún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹni tí ó fi korobá gbé e ni yóò ro ó lálẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rọrùn tó báyìí, kí ni ó dé tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jà lé e lórí? Ìgbéraga ni. Mo ti gbọ́ ọ létí mi níwájú ilé-ìwé, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń fi kẹ̀kẹ́ wọn wéra. Ẹni tí àwo ẹ̀yìn rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ọkùnrin. Ẹni tí ti rẹ̀ bá tóbi, wọn a ní kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà ni ó ń gùn. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henri Desgrange, òun ni ó dá eré-ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France sílẹ̀ ní 1903. Ọkùnrin yìí gbà pé ẹni tí ó bá ti lé ní ọmọ ọdún 45 nìkan ni jíà pípààrọ̀ wà fún, pé kí àwọn ọ̀dọ́ fi iṣan ara wọn ṣẹ́gun. Èmi tí mo ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí náà kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí n bínú sí i. Ọkùnrin mìíràn wà ní ìlú Saint-Étienne, Paul de Vivie ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè ní agbègbè rẹ̀, tí ó sì ń kọ̀wé láti fi yé àwọn ènìyàn pé jíà púpọ̀ kì í ṣe ìtìjú. Ní Nottingham pẹ̀lú, láti 1902, ni a ti ṣe ẹ̀rọ jíà mẹ́ta tí a ń pè ní Sturmey-Archer, èyí tí a fi pamọ́ sínú àárín táyà ẹ̀yìn.

Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn asáré-ìje Tour de France kò ní àṣẹ láti lo ẹ̀rọ tí ń gbé ṣéènì láti orí àwo kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a tú táyà ẹ̀yìn, wọn a yí i padà kí àwo tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ lè bọ́ sínú ṣéènì, wọn a sì tún dè é kí wọ́n tó máa lọ. Ní 1937 ni a tó gbà wọ́n láyè láti lo ẹ̀rọ náà, Roger Lapébie tí ó sì lò ó ni ó gba ipò kìíní ní ọdún náà. Lónìí, nígbà tí àwọn alágbára jù lọ láyé bá ń gun òkè ńlá ilẹ̀ Faransé tàbí ti Ítálì, eyín 34 tàbí 36 níwájú pẹ̀lú 30 tàbí 34 lẹ́yìn kì í ṣe ohun àjèjì lára kẹ̀kẹ́ wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà ti àgbáyé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, ìlú tí ó kún fún òkè bíi ti wa. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn tí wọ́n sáré níbẹ̀ ní ìyá àgbà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì tí mo ń kọ́, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ opó ni. Ní òwúrọ̀, ó níláti gbé àbúrò rẹ̀ obìnrin sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kí ó gbé e lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní òdì kejì òkè, kí òun fúnra rẹ̀ tó máa bọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ó ń gùn jẹ́ ti bàbá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé. 48 ni ó wà níwájú, 18 ni ó wà lẹ́yìn. Ní ìgbà mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ yìí yóò pẹ́ dé. Ìṣirò sì ni ẹ̀kọ́ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀. Nígbà tí sáà kan fi máa parí, àmì rẹ̀ nínú Ìṣirò ti já wálẹ̀ dé ibi tí ó fi ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bóyá kí òun fi ìwé sílẹ̀, kí òun lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìdánwò àṣekágbá kíláàsì kẹta sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mo pè é, mo bi í ní ohun tí ó ń dá a dúró lọ́nà. Ó ní òkè ni. Ó ní bí òun bá dé ìdajì òkè, kẹ̀kẹ́ yóò kọ̀, yóò dúró gbọnyin, òun yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti tì í pẹ̀lú àbúrò òun lórí rẹ̀, òógùn yóò bo aṣọ òun, òun yóò sì tún dúró sinmi.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀nà Bẹyẹrúnkà. Bàbá náà wo kẹ̀kẹ́, ó ka eyín rẹ̀ pẹ̀lú ìka tí epo ti sọ di dúdú, ó ní, "Tíṣà, kí ọmọ yìí jẹ́ kí n fi 22 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní èyí tí ó dára tí mo tú lára kẹ̀kẹ́ tokunbọ̀."

Ọmọ náà fà sẹ́yìn. Mo rò pé ẹ̀sín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń bà á lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni ní apá kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Èyí ni bàbá mi fi ń gun òkè yìí. Wọn kò pààrọ̀ rẹ̀."

Arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ bàbá rẹ. Èmi ni mo ń tún kẹ̀kẹ́ yìí ṣe fún un. Bàbá rẹ síngbọnlẹ̀, ó tó kílò 80. Bí ó bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan tó láti tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o tó kílò 50? Jíà yìí kò tíì di tìrẹ. Nígbà tí bàbá rẹ bá sì di àpò gààrí sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ṣé o rò pé ó ń gùn ún ni? Ní Ọjà'ba ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí yóò máa tì í. Mo fi ojú mi rí i."

A jọ ṣe ìṣirò náà lórí ìdí páálí kan. Ẹ bá wa ṣe é. Bàbá náà jẹ́ kílò 80, kẹ̀kẹ́ jẹ́ 18, àpapọ̀ rẹ̀ 98. Ìdá méje nínú mẹ́wàá 98 jẹ́ nǹkan bíi 69. Ẹni tí ó jẹ́ 80 lè tẹ 69 láìsí wàhálà. Ọmọ náà jẹ́ 50, kẹ̀kẹ́ 18, ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán 7, àpapọ̀ rẹ̀ 75. Lórí 18, yóò níláti tẹ 53, èyí tí ó ti ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ; bí ó bá tilẹ̀ dìde dúró, àfi kí ó máa fi apá fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ó tó lè tẹ̀ ẹ́. Bí àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ 25 bá gun ẹ̀yìn, ó di 100, ohun tí yóò tẹ̀ sì di 70. Kò sí bí ó ti lè ṣe é. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Òṣùwọ̀n ni kò gbà.

Pẹ̀lú 22, bí ó bá dá nìkan wà, yóò tẹ 43. Èyí kéré sí ìwúwo rẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ yóò lọ. Bí àbúrò rẹ̀ bá wà níbẹ̀, yóò jẹ́ 57. Èyí ṣì pọ̀ jù. Mo rí i bí ojú ọmọ náà ti ń ka àwọn nọ́ńbà náà lọ, tí ó ń padà lọ kà wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ pé, "Kí àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè nìyẹn, kí ó máa rìn bọ̀, kí n dúró dè é lókè." Arúgbó náà ní, "Bí bàbá rẹ ti ń ṣe sí gààrí nìyẹn."

Bàbá náà fi 22 sí i, ó sì fi ojúlé ṣéènì díẹ̀ kún ṣéènì náà, nítorí àwo tí ó tóbi ń fẹ́ ṣéènì tí ó gùn. Ó fi epo nu 18 àtijọ́ náà, ó fi bébà dì í, ó sì fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kí ó tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí yóò tó o lò. Láti ìgbà náà, kí aago tó lù ni ọmọ náà ti ń dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é ní ìyá àgbà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó sú wọn. Kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́. Àwọn àgbà a máa sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ìtẹ́ eku ńlá kí ara rẹ̀ tó tó o, òtútù ni yóò máa mú un níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ yan jíà fún òkè, kí ó má bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Kí ó bi ohun mẹ́ta léèrè: òkè, ẹrù, àti ara rẹ̀.

Kí ó kọ́kọ́ wọn òkè. Ẹ mú pákó tí ó gùn ní 100 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi lé ojú ọ̀nà ní ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́ jù. Ẹ da omi sínú ìgò dé ìdajì, ẹ dé e, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sórí pákó náà. Ẹ gbé orí pákó tí ó wà nísàlẹ̀ sókè títí omi inú ìgò yóò fi dọ́gba. Bí àyè tí ó wà lábẹ́ orí pákó náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, òkè yín ga ní 8 láàrin 100. Ibi tí ó le jù ni kí ẹ fi yan jíà, ẹ má fi ibi tí ó rọrùn yàn án, nítorí ibi tí ó le jù ni yóò sọ̀ yín kalẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wọn ẹrù, kí ó sì wọn ara rẹ̀, kí ó ṣe irú ìṣirò tí a ṣe lórí páálí. Bí ohun tí ẹsẹ̀ níláti tẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ara ẹni, jíà náà ti le jù, nítorí kò sí ẹni tí ó lè dìde dúró lórí pẹ́dàlì ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sórí gàárì kí ó sì máa gun òkè lọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí ó wá èyí tí kò ní ju ìdajì ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ tokunbọ̀ aláwo púpọ̀ tí ó kún ọjà lónìí lè ṣe èyí. Bí táyà rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 26, tí eyín 28 wà níwájú, tí 28 sì wà lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan tí a yí pẹ́dàlì yóò gbé wa lọ ní mítà 2 péré. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ìbá lè gbé àbúrò rẹ̀ gun òkè pẹ̀lú irú jíà bẹ́ẹ̀, kí ohun tí yóò tẹ̀ má ju kílò 25 lọ. Bí ẹnìkan bá sì rò pé irú jíà kékeré bẹ́ẹ̀ yóò lọ́ra jù, kí ó ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ó bá yí pẹ́dàlì ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, yóò rin ìrìn kìlómítà 7 ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, èyí tí ó yá ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbé jíà ńlá tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti tì í ni yóò dé kẹ́yìn.

Ohun méjì kù tí mo fẹ́ kí ẹ rántí. Èkíní ni pé kí ẹni tí ó ní jíà púpọ̀ yí i kí ó tó dé ìdí òkè. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá dúró títí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kí ó tó máa wá jíà kékeré, ṣéènì rẹ̀ lè já tàbí kí ó bọ́, nítorí gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Èkejì ni pé gbogbo òkè tí a gùn ni a óò sọ̀. Jíà kò wúlò fún dídúró. Bíréèkì ni ó wà fún èyí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba Mápó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, níbi tí àwọn ìyá ti pàtẹ ọjà dé etí ọ̀nà, kí ó tẹ bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn wò. Òkè gígùn a máa mú kí èémí ó gbòòrò, ṣùgbọ́n òkè sísọ̀ láìsí bíréèkì a máa gba ẹ̀mí.

Òkè-Mápó ti wà níbẹ̀ kí Ìbàdàn tó di ìlú, yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wa. Kò ní rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan lágbára, kò sì ní ga sí i nítorí pé ẹnìkan rẹ̀. Eyín kẹ̀kẹ́ ni ó wà ní ìkáwọ́ wa láti pààrọ̀. Kí olúkúlùkù ka ti rẹ̀, kí ó wọn ẹrù rẹ̀, kí ó sì yan èyí tí yóò gbé e dé òkè ní àkókò, pẹ̀lú ẹni tí ó ń gbé lọ.